Ẹni Tí Ó Ń Bá Wa Tajà Kò Gbọdọ̀ Fi Òṣùwọ̀n Pamọ́

  

Ẹ̀yin ọmọ ìyá mi nínú Ìsìláàmù, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàrin yín tí n kò lè gbé mì. Nígbàkígbà tí àjọ kan láti òkèèrè bá ní kí ìjọba wa ṣí ìwé ilé-iṣẹ́ òwò rẹ̀ sílẹ̀ kí ayé rí i, ìbáà jẹ́ ti epo rọ̀bì tàbí ti irè oko, kíá ni àwọn kan yóò ti máa pariwo pé àwọn kèfèrí tún dé, pé àwọn amúnisìn ń tojú bọ ọ̀rọ̀ tí kò kàn wọ́n. Ẹni tí ó ń sọ bẹ́ẹ̀ rò pé ẹ̀sìn ni òun ń gbèjà, tàbí pé iyì orílẹ̀-èdè ni òun ń dáàbò bò. Irọ́ ni. Olè ni ó ń bá ṣọ́nà, bí kò tilẹ̀ mọ̀.

N kò sọ pé àwọn òyìnbó fẹ́ràn wa o. N óò sọ tiwọn náà kí n tó gbé kálàmù sílẹ̀, nítorí òṣùwọ̀n tí wọ́n gbé fún wa náà lábùkù. Ṣùgbọ́n kí á kọ́kọ́ mú tilé.

Kí ni à ń pè ní ilé-iṣẹ́ òwò ìjọba? Òun ni ilé-iṣẹ́ tí ìjọba dá sílẹ̀, tàbí tí ó fún ní àṣẹ tí kò fún ẹlòmíràn, láti máa ra ọjà kan tàbí láti máa tà á lórúkọ gbogbo ìlú. Bọ́ọ̀dù tí ó ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn bàbá wa jẹ́ ọ̀kan. NNPC tí ó ń ta epo rọ̀bì jẹ́ ọ̀kan. COCOBOD tí ó wà ní Gánà títí di òní jẹ́ ọ̀kan. Ọjà tí wọ́n ń tà kì í ṣe tiwọn, tìlú ni. Àṣẹ tí kò jẹ́ kí ẹlòmíràn bá wọn du ọjà náà, orúkọ ìlú ni wọ́n fi gbà á. Nínú ẹ̀sìn wa, ẹni tí ó bá wà ní irú ipò bẹ́ẹ̀ ni à ń pè ní wakīl, aṣojú; ohun tí ó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni amānah. Wakīl kan kò lè sọ fún ẹni tí ó rán an níṣẹ́ pé àṣírí ni iye tí òun ta ẹrù rẹ̀.

Àwọn onímọ̀ wa ti rí ewu yìí tipẹ́. Ibn Khaldūn, ẹni tí ó kú ní ọdún 1406, ya orí kan sọ́tọ̀ nínú Muqaddimah rẹ̀ láti ṣàlàyé pé bí sultan bá ń ṣòwò fúnra rẹ̀, yóò ni àwọn ará ìlú lára, yóò sì ba owó-orí tí ń wọlé fún òun náà jẹ́. Àlàyé rẹ̀ kò ṣòro láti yé ènìyàn: àwọn oníṣòwò yòókù kò ní agbára tí sultan ní, kò sí ẹni tí ó lè bá a ná ọjà bí ẹgbẹ́ ti í bá ẹgbẹ́ ná an, iye tí ó bá wù ú ni yóò rà, iye tí ó bá wù ú ni yóò sì tà. Ẹ ṣàkíyèsí pé kò sí òyìnbó amúnisìn kankan ní Tunis tàbí ní Cairo nígbà tí ó ń kọ èyí.

Ṣùgbọ́n ìtàn tí mo fẹ́ kí ẹ há sórí wà nínú Muwaṭṭa' ti Ìmáàmù Mālik, ní ibi tí ó ti sọ̀rọ̀ nípa qirāḍ, èyí tí í ṣe òwò àjọpín láàrin olówó àti ẹni tí ó ń fi owó náà ṣiṣẹ́. Abdullāhi àti Ubaydullāhi, àwọn ọmọ Kálífà Umar (kí Ọlọ́hun yọ́nú sí i), bá àwọn ọmọ ogun lọ sí Ìráàkì. Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀, wọ́n yà sọ́dọ̀ Abū Mūsā al-Ash'arī, tí ó jẹ́ gómìnà Basra. Inú rẹ̀ dùn sí wọn, ó sì fẹ́ ṣe wọ́n lóore. Owó ìlú kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí Kálífà ní Mọdínà. Ó ní òun yóò yá wọn ní owó náà, kí wọ́n fi ra ọjà ní Ìráàkì, kí wọ́n tà á ní Mọdínà, kí wọ́n dá ojú owó padà fún Kálífà, kí wọ́n sì jẹ èrè rẹ̀. Ó kọ ìwé sí Umar pé kí ó gba owó náà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀, wọ́n sì jèrè.

Ẹ wò ó dáadáa, kò sí olè nínú ọ̀rọ̀ yìí. Owó ìlú pé láìdín kọ́bọ̀. Ìwé wà. Gómìnà kò gba rìbá, àwọn ọmọ náà kò sì purọ́. Bí ó bá jẹ́ pé Àbújá ni wọ́n ti ṣe é lóde òní ni, oyè ni wọn ì bá fi dá wọn lọ́lá. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan ṣoṣo ni Umar bi wọ́n: ṣé gbogbo ọmọ ogun ni ó yá lówó bí ó ti yá yín? Wọ́n ní rárá. Ó ní nítorí pé ọmọ Kálífà ni wọ́n ni ó ṣe yá wọn, kí wọ́n kó owó àti èrè sílẹ̀. Abdullāhi dákẹ́. Ubaydullāhi jiyàn, ó ní bí owó náà bá ṣòfò ni, àwọn ni àwọn ì bá san án. Umar kò gbà. Ìgbà tí ọ̀kan nínú àwọn tí ó jókòó tì í dá a lábàá pé kí ó sọ ọ́ di qirāḍ ni ó tó rọ̀: ó gba ojú owó àti ìdajì èrè, ó sì fi ìdajì yòókù sílẹ̀ fún wọn.

Ìbéèrè Umar yẹn gan-an ni àbójútó. Owó lè pé kí ojúsàájú ṣì wà níbẹ̀. Ta ni ẹ fún láǹfààní? Kí ló dé tí ó fi jẹ́ òun? Èló ni èrè, àpò ta ni ó sì wọ̀?

Ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo ka òfin òwò àgbáyé pé irú ìbéèrè yìí ni wọ́n gbìyànjú láti kọ sílẹ̀. Ní 1947, ní ìlú Geneva, orílẹ̀-èdè 23 fohùn ṣọ̀kan lórí àdéhùn tí a mọ̀ sí GATT. Abala 17 rẹ̀ dá lórí ilé-iṣẹ́ òwò ìjọba: pé kí ó máa rà kí ó sì máa tà bí oníṣòwò, láìṣe ojúsàájú láàrin àwọn orílẹ̀-èdè tí ń bá a dòwò pọ̀, kí ìjọba sì jẹ́ kí àwọn yòókù mọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ tí òun ní. Nàìjíríà wọ inú àdéhùn náà ní 1960, ọdún òmìnira. Ní 1994, ní Marrakesh (ilẹ̀ Mùsùlùmí ni, ẹ má gbàgbé), wọ́n fi àlàyé kún un. Wọ́n dárúkọ àwọn bọ́ọ̀dù tí ń ta irè oko ní pàtó, wọ́n sì ní kí ìgbìmọ̀ kan máa yẹ ohun tí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan bá kọ ránṣẹ́ wò. Ní 1995 Àjọ Ìṣòwò Àgbáyé, WTO, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Nàìjíríà sì wà lára àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ní òfin yìí já lù wá láti òkèèrè, kó mọ̀ pé ìjọba tiwa buwọ́ lù ú.

Àbùkù rẹ̀ wà níbòmíràn. Ta ni òfin náà ń gbèjà? Oníṣòwò ilẹ̀ kejì ni. Ó ń bi ilé-iṣẹ́ ìjọba léèrè bóyá ó rẹ́ oníbàárà òkèèrè jẹ, kò bi í bóyá ó rẹ́ àgbẹ̀ ilé jẹ. Nígbà tí Amẹ́ríkà pe Kánádà lẹ́jọ́ níwájú WTO nítorí bọ́ọ̀dù tí ń ta àlìkámà ilẹ̀ Kánádà, ìdájọ́ ìkẹyìn jáde ní 2004, Amẹ́ríkà kò sì rí ìdáláre gbà lórí Abala 17. Nínú gbogbo àtótónu yẹn, ẹni tí yóò ta ju ẹnì kejì lọ ni wọ́n ń jà lé lórí. Òfin náà tún gbà kí ìjọba fi ohun tí ó bá lè pa òwò rẹ̀ lára pamọ́. Ilẹ̀kùn ńlá nìyẹn! Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni kì í kọ ìwé ránṣẹ́ lásìkò, kò sì sí ohun tí ó ń ṣe wọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn ilé-iṣẹ́ aládàáni ńláńlá tí ó ń ra epo àti kòkó Áfíríkà, àwọn tí wọ́n lówó ju ìjọba mìíràn lọ, kò sí lábẹ́ abala yìí àyàfi bí ìjọba kan bá fún wọn ní àṣẹ àrà ọ̀tọ̀.

Ẹ jẹ́ kí á wá mú ti kòkó, nítorí inú kòkó ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ Yorùbá ti rí owó ilé-ìwé. Ọdún 1947 yẹn gan-an, ọdún kan náà tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà nínú àwọn tí ó ṣe òfin ti Geneva, ni ìjọba rẹ̀ dá bọ́ọ̀dù kòkó sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Bọ́ọ̀dù náà nìkan ni ó lè ta kòkó wa sí òkèèrè. Iye tí ó ń san fún àgbẹ̀ kéré sí iye ọjà àgbáyé, ó ní òun ń tọ́jú ìyókù de ọjọ́ tí ọjà bá kú. London ni wọ́n ń kó owó ìtọ́jú náà pamọ́ sí, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń yá a lò. Ta ni ó bi wọ́n ní ìbéèrè Umar? Kò sí.

Ní 1954 bọ́ọ̀dù bọ́ sọ́wọ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, sọ́wọ́ àwọn ọmọ tiwa. Owó kòkó ṣe rere, n kò jiyàn. Ó wà lára ohun tí ó gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ti 1955 dúró, Ilé Kòkó tí wọ́n parí ní Ìbàdàn ní 1965 sì ń jẹ́rìí. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ní àwọn ń tọ́jú fún àgbẹ̀ di owó tí ìjọba ń yá, ó sì di owó tí ilé-iṣẹ́ tí ó sún mọ́ ẹgbẹ́ òṣèlú ń yá. Ìgbìmọ̀ Adájọ́ Coker ti 1962 ni ó tú u síta. Mo mọ̀ pé ìjà òṣèlú ni ó bí ìgbìmọ̀ náà, àwọn tí ó gbé e kalẹ̀ kì í ṣe mọ̀láíkà. Ohun tí ó ń dùn mí gan-an nìyẹn: ó di ìgbà tí ọ̀tá bá fẹ́ fi ìwé na ọ̀tá kí ẹnikẹ́ni tó ṣí i. Nígbà tí iye kòkó já wálẹ̀ ní ọjà àgbáyé ní 1965, owó ìtọ́jú tí ì bá gba àgbẹ̀ là ti lọ. Ní 1968 Àgbẹ́kọ̀yà dìde. Owó-orí àti iye tí wọ́n ń ra kòkó wà lára ẹ̀hónú wọn, ẹ̀jẹ̀ sì ṣàn.

Ní 1986 ìjọba ológun tú àwọn bọ́ọ̀dù ká pátápátá, àwọn kan sì ní ìyà ti dópin. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnikẹ́ni tí ó bá rí owó ra kòkó di ẹni tí ń tà á sí òkèèrè, wọ́n ń kó kòkó tí kò gbẹ àti èyí tí ó kún fún ìdọ̀tí lọ, orúkọ rere tí kòkó Nàìjíríà ní sì bàjẹ́. Nítorí náà bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé kí á ta gbogbo rẹ̀ fún aládàáni ni oògùn, ẹ ní kí ó gbọ́ ti Ìráàkì.

Lẹ́yìn tí Ìráàkì gba Kuwait ní 1990, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fi òfin de òwò rẹ̀. Ebi pa àwọn ọmọ ìyá wa níbẹ̀, oògùn wọ́n. Ní 1996 ètò kan bẹ̀rẹ̀ tí ó gba Ìráàkì láyè láti ta epo kí ó fi ra oúnjẹ àti oògùn, lábẹ́ ojú àjọ náà. AWB ti Ọsirélíà wà lára àwọn tí ó ta àlìkámà fún un jù. Bọ́ọ̀dù ìjọba ni AWB láti 1939. Ní 1999 wọ́n sọ ọ́ di ti àwọn onípìn-ín, ṣùgbọ́n òun nìkan ni wọ́n fi àṣẹ títa àlìkámà sí òkèèrè sílẹ̀ fún. Ọsirélíà kò fi í pamọ́ fún WTO, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé. Síbẹ̀, lójú gbogbo ayé, AWB san ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 290 dọ́là Ọsirélíà fún ilé-iṣẹ́ kan ní Jọ́dánì tí ó ń jẹ́ Alia, ó pè é ní owó ọkọ̀. Alia kò gbé àlìkámà kankan. Ọ̀dọ̀ ìjọba Saddam ni owó náà ń lọ. Níbo ni ó sì ti wá? Wọ́n fi í lé iye àlìkámà ni, inú owó epo àwọn ará Ìráàkì ni wọ́n ti san án, owó oúnjẹ àwọn tí ebi ń pa. Ìwádìí Volcker ti 2005 fi hàn pé ilé-iṣẹ́ tí ó san irú owó ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀ lé ní 2,000, tí àpapọ̀ rẹ̀ tó bílíọ̀nù 1.8 dọ́là. Ní 2006 ìgbìmọ̀ Cole ní Ọsirélíà fi ìdí ti AWB múlẹ̀; ní 2008 àṣẹ àdátà rẹ̀ dópin.

Ẹni tí kò fẹ́ àbójútó yóò ní: ẹ ò rí i pé ojú àgbáyé kò dí olè lọ́wọ́? Èsì mi ni pé àbójútó tí ó ń wo ìwé láìwo àpò ni kò dí olè lọ́wọ́. Volcker rí wọn mú nítorí pé ó tọ owó náà dé ibi tí ó sùn sí.

Ó wá ku NNPC. Ọdún 1977 ni ó bẹ̀rẹ̀. Ọdún 2020 ni ó tó gbé ìwé ìṣirò owó tí àwọn ayẹ̀wéwò ti yẹ̀ wò síta kí aráyé rí i, ti ọdún 2018. Ọdún 43! Ọmọ tí wọ́n bí ní ọdún tí wọ́n dá a sílẹ̀ ti bí ọmọ, ọmọ náà ti lè wọ yunifásítì. Ní oṣù Kẹsàn-án 2013, Sanusi Lamido Sanusi, tí ó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, kọ̀wé sí Ààrẹ pé bílíọ̀nù 49.8 dọ́là owó epo kò wọlé. Wọ́n jọ ṣírò, iye náà yí padà. Ní oṣù Kejì 2014 ó sọ fún Ilé-ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àgbà pé bílíọ̀nù 20 ni. Oṣù yẹn kan náà ni wọ́n dá a dúró lẹ́nu iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ PwC tí wọ́n gbé ìwádìí fún ní kí NNPC dá bílíọ̀nù 1.48 dọ́là padà, ó kéré tán. N kò ní ṣe adájọ́ láàrin iye wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè tí owó rẹ̀ tí ó sọnù lè jẹ́ 1.48, tí ó sì lè jẹ́ 49.8, òṣùwọ̀n gan-an ni kò ní.

Ètò àgbáyé kan wà tí wọ́n ń pè ní EITI. Ohun tí ó ń béèrè ni pé kí ilé-iṣẹ́ epo kọ iye tí ó san sílẹ̀, kí ìjọba kọ iye tí ó gbà, kí wọ́n sì gbé méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Nàìjíríà sọ ọ́ di òfin ní 2007, ìyẹn ni òfin NEITI. Òun ni àwọn kan ń pè ní iṣẹ́ kèfèrí! Āyah tí ó gùn jù lọ nínú Àlùkùránì Alápọ̀n-ọ́nlé, nínú Sūratul-Baqarah, lórí kíkọ gbèsè sílẹ̀ àti pípe ẹlẹ́rìí ni ó dá. Ìjìyà àwọn ará Madyan tí Ọlọ́hun rán Ànábì Shu'aib sí, òṣùwọ̀n wà nínú rẹ̀. Ohun tí Ọlọ́hun ti pa láṣẹ fún wa kò lè di èèwọ̀ nítorí pé òyìnbó ni ó rán wa létí rẹ̀. Láti oṣù Keje 2022 ni NNPC ti di ilé-iṣẹ́ olókòwò lábẹ́ òfin epo ti 2021, àwọn kan sì ti ń sọ pé ó ti kúrò nínú ohun tí ará ìlú lè máa bèèrè. Wọ́n yí orúkọ àpótí padà ni. Ẹrù inú rẹ̀, tìlú ni síbẹ̀.

Mo ní n óò sọ ti òyìnbó. Ní 2022, ẹ̀ka ilé-iṣẹ́ Glencore ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jẹ́wọ́ nílé-ẹjọ́ pé òun san àbẹ̀tẹ́lẹ̀ láti rí epo rọ̀bì gbà ní àwọn orílẹ̀-èdè Áfíríkà, Nàìjíríà àti Kamẹrúùnù wà lára wọn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún náà, adájọ́ ní London ní kí ó san ohun tí ó lé ní mílíọ̀nù 280 pọ́n-ùn. Nàìjíríà bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n gbọ́ tẹnu òun lórí owó ìtánràn tí ó yẹ kí ó kan òun. Adájọ́ ní òfin kò fún un láyè láti sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Epo tiwa, òṣìṣẹ́ tiwa ni ó gba rìbá, ìyà tiwa, owó ìtánràn tiwọn! Ẹ bínú sí èyí, ẹ̀tọ́ yín ni. Kí ìjọba wa sì máa sọ ọ́ ní gbogbo ibi tí wọ́n bá ti ń ṣe òfin òwò àgbáyé pé owó ìtánràn gbọdọ̀ padà sọ́dọ̀ ẹni tí wọ́n jí ẹrù rẹ̀, àti pé kí wọ́n máa yẹ ìwé ẹni tí ń rà wò bí wọ́n ti ń yẹ ti ẹni tí ń tà. Ṣùgbọ́n bí ilé-ẹjọ́ òyìnbó yẹn kò bá gbé ọ̀rọ̀ náà síta, ta ni nínú wa ni ì bá gbọ́ ọ? Ẹni tí kò bá fẹ́ kí àlejò wọ yàrá òun wá eku, kí ó pa eku fúnra rẹ̀.

Ibi tí yóò ti dun àwa lèmọ́mù ni ó kù. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tí ó ti jókòó lórí àga bọ́ọ̀dù wọ̀nyí. Wọ́n ń wá sí mọ́sálásí wa. Wọ́n ń gbé ẹní wá, wọ́n ń gbé fáànù àti gbohùngbohùn wá, àwa náà sì ń wé láwàní fún wọn, a ń pè wọ́n ní Bàbá Àdínì àti Balógun Àdínì. Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) rán ọkùnrin kan, Ibnul-Lutbiyyah, lọ gba sàká. Nígbà tí ó dé, ó pín ẹrù sí méjì, ó ní èyí ni tiyín, èyí ni wọ́n fi ta òun lọ́rẹ. Ànábì gun orí mínbárì nítorí ọ̀rọ̀ yìí, ó sì bèèrè bóyá ẹ̀bùn náà ì bá wá bá a ká ní ó jókòó sílé bàbá àti ìyá rẹ̀. Al-Bukhārī àti Muslim ni wọ́n gbà á wá. Orí mínbárì ni, ní gbangba! Àwa ńkọ́? Ẹni tí Ànábì ì bá bèèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lórí mínbárì ni àwa ń ṣàdúrà fún lórí mínbárì kan náà.

Ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ẹgbẹ́ wa, a ní ọ̀dọ́ tí ó kọ́ ìṣirò owó, a ní èyí tí ó kọ́ òfin. Ìwé ìwádìí NEITI kì í ṣe ohun títà. Kí wọ́n gbà á, kí wọ́n kà á, kí wọ́n tú u sí èdè Yorùbá tí ìyá oníṣu lè gbọ́, kí wọ́n sì kà á síta ní ìjókòó ìmọ̀ gẹ́gẹ́ bí a ti ń ka tafsīr. Ní ti àwa lèmọ́mù, kí ẹnikẹ́ni nínú wa má ṣe wé láwàní fún ẹni tí ó wà lórí àga ilé-iṣẹ́ òwò ìjọba, kí á má sì gba ẹ̀bùn lọ́wọ́ rẹ̀ fún mọ́sálásí, títí ìwé ìṣirò ọdún tí ó lò níbẹ̀ yóò fi jáde tí a ó sì kà á. Mo mọ̀ pé àwọn ìgbìmọ̀ mọ́sálásí kan yóò bínú sí mi, nítorí owó òrùlé kò tíì pé. Kí á máa kírun lábẹ́ páànù àtijọ́ ná.